Àlejò ní Malete

Ọ̀nà tó jáde ní Ìlọrin lọ sí Malete kò ní ohun tí wọ́n máa ń yà sí ojú ìwé àwọn arìnrìnàjò. Kò sí òkun níbẹ̀, kò sí òkè bíi ti Ìdànrè, kò sí igbó òrìṣà bíi ti Ọ̀ṣun Òṣogbo. Òkè Sóbí á sin èèyàn jáde nígboro, lẹ́yìn náà ọ̀dàn á tẹ́ lọ: igi òrí àti igi irúgbá lọ́tùn-ún lósì, tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dá sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko, ọkà bàbà, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu lórí ebè, gáà àwọn Fúlàní tí òrùlé wọn ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn igi kajú. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gidigidi. Bí àlejò láti òkè òkun bá sọ fún mi pé òun fẹ́ mọ bí a ṣe ń gbé ayé ní apá ibí yìí, ibẹ̀ ni mo máa ní kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé ààfin, kí ó tó wo ẹṣin.

Ẹni mẹ́ta ni mo bá gba ọ̀nà yìí lọ. Obìnrin kan wá láti Jámánì, aṣọ híhun ló ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Ọkùnrin kan wá láti Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, olùkọ́ ìtàn ni nílé ẹ̀kọ́ girama. Ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ Ìlọrin gan-an, dókítà ọ̀dọ́ kan tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Kharkiv, ní Ukraine, kí ogun tó lé e wálé. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Malete ló ké sí wọn, òun náà ló sì ní kí n wá bá wọn rìn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Ní agbo ilé wa, nígbà tí mo wà ní kékeré, ìtàn àdánù ni wọ́n ń fi ìtàn Ìlọrin ṣe: Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, ó ké sí àjèjì kí wọ́n wá ràn án lọ́wọ́, àjèjì gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́, Ọ̀yọ́ Ilé sì tú. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́nu àwọn tó ń gbé inú ìlú náà. Lẹ́nu tiwọn, ìtàn bí àlejò ṣe di onílé ni. Látìgbà náà ni mo ti gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ Ìlọrin àti àyíká rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gba àlejò ló yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Malete mọ àlejò gbà ju ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi jù ú lọ. Ìlú àgbẹ̀ ni, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Moro, kí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2009. Láàárín ọdún díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ láti ìpínlẹ̀ gbogbo ń kan ilẹ̀kùn àwọn tí kò fi yàrá háyà fún ẹnikẹ́ni rí. Baálé tó ń kó iṣu sí yàrá kan tẹ́lẹ̀, ó kó iṣu jáde, ó ra bẹ́ẹ̀dì sí i. Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀kọ fún ará oko bẹ̀rẹ̀ sí í se indómì, wọ́n ń dín ẹyin. Ọlọ́kadà pọ̀, àwọn oní-POS jókòó lábẹ́ agbòjò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah, ọmọ bíbí Ìlọrin, ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti ń kọ́ni kó tó wá, òun kan náà ló sì kọ ìwé lórí dàdàkúàdà, orin àwọn ará Ìlọrin tó sọ Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abiola Irele, tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ káàkiri ayé ń ka ìwé rẹ̀, bá wọn ṣiṣẹ́ ní Malete náà kí ó tó kú ní ọdún 2017. Ẹni tó bá rò pé ayé kì í dé abúlé, kí ó lọ dúró sójú ọjà Malete ní ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kò kọ́kọ́ mú wa lọ wo ohunkóhun. Ó mú wa lọ kí àwọn àgbà. Mo rí i lójú obìnrin ará Jámánì náà pé ó rò pé a ó kí wọn kíá, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ìkíni yẹn gan-an ni iṣẹ́. Wọ́n tẹ́ ẹní, a bọ́ bàtà. A kí wọn kú ìjókòó, wọ́n kí wa kú ìrìn. Wọ́n béèrè ọ̀nà, wọ́n béèrè àwọn tó wà nílé, wọ́n béèrè bóyá òtútù ti mú jù ní Jámánì lásìkò yìí. Omi tútù ló kọ́kọ́ dé, obì tẹ̀ lé e. Alfa kan ṣàdúrà, àdúrà náà sì gùn, nítorí ó dárúkọ ìlú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sí i. Ọkùnrin ará Bràsíl wo bí àwọn yòókù ṣe tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú, òun náà tẹ́ tirẹ̀.

Dókítà wa ló sọ fún àwọn àgbà pé irú ìgbàlejò báyìí kò ṣàjèjì sí òun. Ó ní, “Bàbá, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí abúlé àwọn òbí rẹ̀ ní Ukraine. Ìyá rẹ̀ jáde pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Búrẹ́dì ribiti ló gbé lọ́wọ́, lórí aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú pupa ṣe ọnà sí létí, iyọ̀ wà lórí rẹ̀ nínú àwo kékeré. Ó ní kí n bù nínú búrẹ́dì náà, kí n fi tọ́ iyọ̀, kí n jẹ ẹ́ kí n tó wọlé. Èdè tí mo gbọ́ kò pọ̀ nígbà yẹn, àmọ́ mo mọ̀ pé wọ́n ti gbà mí.” Ó wá sọ bí ogun ṣe dé lọ́jọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 2022, bí ó ṣe wọ rélùwéè, tó tún fẹsẹ̀ rìn, bí bàálù tí ìjọba Nàìjíríà rán ṣe kó òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti Romania wálé ní oṣù kẹta.

Bàbá tó dàgbà jù níbẹ̀ gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ó ní, “Ìyá tó gbé búrẹ́dì pàdé yín ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé ó wà láyé?”

Dókítà ní ó wà láyé, pé ó ti sá lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Poland, àwọn sì máa ń pera lórí fóònù. Bàbá ní kí Alfa ṣàdúrà fún òun náà. A tún tẹ́ ọwọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Bàbá kò yan ẹni tí yóò máa mú wa kiri. Ó fi àlejò kọ̀ọ̀kan lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ó ní kí obìnrin ará Jámánì di àlejò Alhaja kan tó ń ṣe òrí tà, kí ọkùnrin ará Bràsíl di àlejò Alfa tó ṣàdúrà fún wa. Láti ìgbà náà, bí òyìnbó obìnrin yẹn bá jẹun tàbí kò jẹun, Alhaja ni wọ́n máa bi. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó wá ṣe nílùú, Alhaja náà ni wọ́n máa bi. Láàárín wákàtí kan, gbogbo àdúgbò ti mọ ilé tí olúkúlùkù wọn wọ̀ sí. Ní àkókò tí ẹ̀rù àwọn ajínigbé ti mú kí àwọn ará oko Kwara máa fọkàn ṣọ́ ojú tí wọn kò rí rí, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àlejò tí kò ní baálé kò lè fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí àwọn tiwa rìn dé.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí Alhaja kó wa lọ sí gáà kan lẹ́yìn ìlú. Òun àti àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń bá ara wọn ná ọjà láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní wúńdíá. Fúlàní ni wọ́n fi ń kí ara wọn nínú gáà náà, Yorùbá ni wọ́n fi dá wa lóhùn, wọn kò sì dúró rò ó kí wọ́n tó yí láti ọ̀kan sí èkejì. Wọ́n ti gbé mílíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù ka iná nínú ìkòkò ńlá, iná tí kò le. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyá kan já ewé bomubọ́mù, ó gún un, ó fi mílíìkì díẹ̀ fọ omi rẹ̀ jáde, ó sì sẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Oje ewé yìí ló ń mú kí mílíìkì dì. Ó kìlọ̀ fún obìnrin ará Jámánì pé kí ó má fi ọwọ́ tó kan oje náà nu ojú, nítorí ó lè ba ojú jẹ́.

Kò sí ariwo nínú iṣẹ́ yìí, sùúrù ló gbà. Ìyá náà kò rò ó jù, ó kàn ń fi igi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀, ohun tó wà nínú ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í ya sọ́tọ̀: èyí tó dì kó ara rẹ̀ jọ ní funfun báláú, omi tó kù dà bíi pé wọ́n po ewé sí i. Ó wá koná sí i, ó jẹ́ kí ó hó dáadáa, ó fi igbá bù ú sínú àwọn agbọ̀n kéékèèké kí omi rẹ̀ lè ro. Nígbà tí wọ́n yí agbọ̀n náà dà, wàrà jáde, ojú agbọ̀n sì hàn lára rẹ̀. Ó gbóná, ó rọ̀, ó dùn. Kí oòrùn tó mú, ọmọbìnrin méjì ti ru igbá wọn, wọ́n ti kọrí sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rà á ní díndín pẹ̀lú ata.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé, bí wọ́n bá gbọ́ Fúlàní àti àgbẹ̀ nínú gbólóhùn kan, ìjà ni wọ́n ń retí. Ìjà wà. Màlúù ń jẹ oko, wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́, ẹ̀mí sì ti bọ́ ní ibi púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wàrà bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àmọ́ àlejò tó bá ka ìròyìn nìkan kò ní mọ̀ pé obìnrin méjì bí Alhaja àti ìyá oníwàrà yẹn wà, tí wọ́n mọ orúkọ ọmọ ara wọn, tí wọ́n sì ń ta àwìn fún ara wọn. Iṣẹ́ àwa tí a ń mú àlejò rìn ni pé kí wọ́n rí àwọn náà.

Ní ọ̀sán, Alhaja mú wọn wọ ibi tí wọ́n ti ń po òrí. Wọ́n ti se èso náà, wọ́n ti sá a, wọ́n ti fọ́ ọ, wọ́n ti yan án, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́. Ohun tó kù ni kí obìnrin mẹ́ta kúnlẹ̀ ti àwo ńlá, kí wọ́n máa fi ọwọ́ lù ú pẹ̀lú omi títí òrí yóò fi funfun, tí yóò léfòó. Wọ́n jẹ́ kí obìnrin ará Jámánì fi ọwọ́ sí i. Apá rẹ̀ ro ó kí ó tó rí ìyípadà kankan, àwọn obìnrin náà sì kí i kú iṣẹ́ tọkàntọkàn.

Láti Malete ni a ti wọ Ìlọrin padà, pẹ̀lú Alfa àti Alhaja nínú ọkọ̀. Ní òde Ìlọrin ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí ti ní gbòǹgbò. Àwọn Yorùbá ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Ṣéù Álímì, onímọ̀ ẹ̀sìn láti ilẹ̀ Fúlàní, wá síbẹ̀ ní àlejò. Ṣọlágbérú kó àwọn Mùsùlùmí Yorùbá jọ sí Òkè Súnà. Àwọn Haúsá tó sá fún oko ẹrú di ọmọ ogun níbẹ̀, Tápà wá, Bàrùbá wá, Kànúrí wá. Lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá ní nǹkan bí ọdún 1824, Abdulsalam ọmọ Álímì di Emir àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn nínú ìtàn náà, ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tèmi kò sì lè sọ ọ́ bí ẹni pé kò dùn ún. Síbẹ̀ ẹ wo bí wọ́n ṣe pín ìlú: Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Ajíkobi, Balógun Àlánamú. Ti Haúsá ni ti àkọ́kọ́, orúkọ èkejì ti sọ tirẹ̀, ti Yorùbá ni méjì yòókù. Ẹni tó bá wá láti ibikíbi rí ẹ̀gbẹ́ kan tí yóò wọ̀ sí. Títí di òní, ọmọ Ìlọrin kan lè sọ fún ọ pé Kànúrí ni bàbá ńlá òun, kó sì jẹ́ pé Yorùbá ni èdè kan ṣoṣo tó ń lá.

Nígbà tí ọ̀wọ́ oníṣòwò láti ilẹ̀ Haúsá bá kó káún, awọ àti ẹṣin dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé baálé kan ni wọ́n máa ń wọ̀ sí ní Gàm̀bàrí. Baálé náà á fún wọn níbùsùn, á bá wọn wá ẹni tí yóò ra ọjà, á dúró fún wọn bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Ohun tí bàbá Malete ṣe fún wa lórí ẹní kò yàtọ̀ sí èyí rárá.

Àwọn tó ti òkè òkun wá náà kọjá lábẹ́ òfin yìí. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, dé Ìlọrin ní ọdún 1855, nígbà tí Emir Shitta wà lórí oyè. Wọn kò jẹ́ kí ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ó rí ìlú, ó sì kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1857. Ọdún 1857 náà ni ọkọ̀ ojú omi Dayspring, tí Baikie jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, forí sọ àpáta nínú Odò Ọya nítòsí Jẹ́bà, tó wà nínú Moro kan náà tí Malete wà. Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1860, Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó wá wá ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀, dé Ìlọrin, òun náà sì kọ ìwé. Mo sọ ìtàn wọ̀nyí nínú ọkọ̀. Ti Campbell ló gba ọkàn ọkùnrin ará Bràsíl jù.

Ó ti ní ohun kan lọ́kàn láti ọjọ́ tó dé, ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ jáde. Ó ní ilé Kandomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti àwọn ará Bràsíl, ni ìyá òun ti dàgbà ní Bahia, pé Yorùbá tí òun mọ̀ ni Yemọja, Ṣàngó àti Ọ̀ṣun. Láti Malete dé Ìlọrin, mọ́ṣáláṣí ni òun ń rí. Níbo ni àwọn òrìṣà wà?

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mo ti rí àwọn tó ń mú àlejò rìn tí wọ́n ń dọ́gbọ́n yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀; n kò rí ìdí kankan fún un. Mo sọ fún un pé ní Ṣàó, tó wà nínú Moro bákan náà, wọ́n ṣì ń ṣe ọdún ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àwọ̀n, tí àwọn ọmọbìnrin ìlú tó tó ilé ọkọ fi ń ṣègbéyàwó pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo sì sọ fún un pé ní ọdún 2023, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn oníṣẹ̀ṣe fẹ́ ṣe ọdún wọn nínú Ìlọrin tí àwọn kan sì ní kò ní ṣẹlẹ̀. Pé ọ̀rọ̀ náà le débi pé Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà sí Emir ní gbangba. Èrò tèmi ni pé ìlú tí àlejò kọ́ yẹ kí ó ní àyè fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn tí Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ ṣe. Alfa kò fara mọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Ó ní kì í ṣe gbogbo nǹkan ni èèyàn ń ṣe nínú ilé tó bá wọ̀, pé onílé náà ní ẹ̀tọ́. A sọ ọ́ títí a fi dé Gàm̀bàrí, kò sì sí ẹni tó gbóhùn sókè. Inú mi dùn pé ojú àwọn àlejò ló ṣe.

Ní àdúgbò àwọn ahunṣọ, obìnrin ará Jámánì kò fẹ́ kúrò mọ́. Àwọn ọkùnrin jókòó ti òfì, wọ́n na òwú gbọọrọ síwájú, wọ́n fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè le dáadáa. Ẹsẹ̀ ń tẹ, omú ń lọ sókè sódò, ọ̀kọ̀ ń sá láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Aṣọ tó ń jáde kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi dá agbádá máa rán púpọ̀ pọ̀. Ó béèrè ìdí tí wọn kò fi hun ún fẹ̀. Ahunṣọ kan fà á dání, ó ní kí ó gbìyànjú kí ó fà á ya. Kò ya. Ọkùnrin ará Bràsíl náà sún mọ́ ọn, ó sì sọ pé irú aṣọ yìí ni ìyá àgbà òun ń fi sí èjìká lọ́jọ́ ọdún, pé wọ́n ń kó o láti etíkun wa lọ sí Bahia ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè é ní pano da costa. Àwọn ahunṣọ ní kí ó tún un sọ. Ohun tí àwọn bàbá wọn hun ti dé ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn rí.

A yà ní Òkèlele, níbi tí àwọn obìnrin ilé Dada ti ń mọ ìkòkò. Wọ́n ń fi koríko àti igi sun ún ní gbangba, wọ́n sì ń ta omi tí wọ́n fi èèpo èso irúgbá ṣe sí i lára nígbà tó ṣì gbóná, òun ló ń fún un ní àwọ̀ pípọ́n tó dúdú díẹ̀ yẹn. A dé ààfin, a wo iwájú rẹ̀ níbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti máa ń kọjá lẹ́yìn Iléyá. Ìyẹn dára, àwòrán rẹ̀ sì kún ìwé ìròyìn. N kò ní tún un yà síbí. Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n rí, àmọ́ n kò rí i fi hàn wọ́n: ìlẹ̀kẹ̀ lántànà, òkúta pupa tí àwọn ọmọ Ìlọrin ń gbẹ́, tí wọ́n ń lu, tí wọ́n ń dán, iṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Ọ̀yọ́ Ilé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátá. Ó dùn mí, nítorí ó jẹ́ ohun kan tí ìlú mi àti ìlú yẹn jọ ní.

Alfa ní ó di dandan kí àlejò òun dé ilé kéwú tí òun fúnra òun ti kẹ́kọ̀ọ́. Agbo ilé àtijọ́ ni, yàrá rẹ̀ kò tóbi. Àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, ìró ohùn wọn kún ilé, olúkúlùkù ń ka tirẹ̀. Wàláà ni wọ́n gbé lé ẹsẹ̀, wọ́n fi tàdáwà kọ súrà sí i; ẹni tó bá ti há tirẹ̀ sórí á fọ̀ ọ́ nù, á gba òmíràn. Ìlọrin ti ń fi ọ̀nà yìí tọ́ onímọ̀ kí ìwé òyìnbó tó dé. Ṣéù Kamaldeen tó dá ẹgbẹ́ Ansarul Islam sílẹ̀ ní 1942, inú irú ilé báyìí ló ti jáde. Ṣéù Adam Abdullahi tí ayé mọ̀ sí al-Ilory, tó dá ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí wọ́n ń pè ní Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952 kó tó gbé e lọ sí Agége, ọmọ ìlú yìí ni nípa bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Wasa ní ilẹ̀ Benin ni wọ́n ti bí i.

Ọkùnrin ará Bràsíl gbé wàláà kan, ó yí i wò, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Alfa, èmi ni mo ń túmọ̀ bọ́ sí Yorùbá. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25, oṣù kìíní, ọdún 1835, nígbà tí àwẹ̀ Ramadan ń parí lọ, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ogun ní Salvador. Wọ́n tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta. Mùsùlùmí ni àwọn aṣáájú wọn, àwọn ará Bahia ń pè wọ́n ní Malê. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, Haúsá àti Tápà wà láàárín wọn. Ogun tó tú Ọ̀yọ́, tó sì gbé Ìlọrin ró, ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra ẹrú ní etíkun. Wọ́n ṣẹ́gun wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan kú sójú ogun, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n lé ọ̀pọ̀ padà sí etíkun wa. Nígbà tí ọlọ́pàá tú ilé wọn, wàláà ni wọ́n bá níbẹ̀, àti ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní Lárúbáwá.

Ó ní òun ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí láti ọdún pípẹ́, láti inú ìwé òpìtàn João José Reis, àmọ́ òun kò rí wàláà rí àyàfi nínú àwòrán. Òun kò sì mọ̀ pé àwọn ọmọ kéékèèké kan wà níbì kan títí di òní tó ń lò ó. Òrìṣà ni òun wá wá. Òun kò rò pé àwọn wọ̀nyí náà jẹ́ ẹbí òun.

Gbogbo ohun tí mo ti kà nípa Ọ̀yọ́ Ilé kò mi mí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe mi mí. Ìtàn àdánù tí wọ́n sọ fún mi nílé, apá kan rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ó ti di ìtàn ẹlòmíràn. Haúsá, Tápà àti Yorùbá tó jọ dìde ní Salvador, àwọn èèyàn kan náà ni wọ́n jọ pín ìlú yìí láàárín ara wọn. Kò sí ẹni tí ì bá ti ro èyí sínú ètò ìrìn àlejò. Ohun tó gbé e jáde kò ju pé bàbá kan ní Malete fi ọkùnrin yìí lé Alfa lọ́wọ́, tí Alfa sì mú un lọ sí ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde.

Alfa béèrè pé, “Àwọn ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n sun wọ́n ni?”

Ó ní wọ́n wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Salvador, pé òun lè ya fọ́tò díẹ̀ nínú wọn nígbà tí òun bá délé. Alfa fún un ní nọ́ńbà WhatsApp rẹ̀. Ó jẹ́ kí ó kọ ọ́, kí ó tún un kà fún òun, kí ó má bàa ṣìnà.

Àwòrán náà ti dé. Mo wà ní Malete lọ́jọ́ tí Alfa ṣí i, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fẹ ojú fóònù títí lẹ́tà fi tóbi. Ó ní ìlà kan nínú súrà kúkúrú ni, ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kéwú ló sì kọ ọ́, nítorí ó ti ṣi lẹ́tà kan kọ, ó tún un kọ nísàlẹ̀, ó sì tún ṣì í. Ó pe ọmọ kan kí ó gbé wàláà wá. Ó fi tàdáwà kọ ìlà náà bó ṣe yẹ kó rí, ó ya á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí Salvador, ó sì ní kí àlejò òun fi àwọn ojú ìwé tó kù ránṣẹ́.